Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ Ti Dé: Ti Àgbẹ̀ Ńkọ́?

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún ọdọọdún, ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ ìjọba a máa wà ní títì jákèjádò ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn akọ̀wé àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè a wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọn a sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kọjá níwájú gómìnà ní pápá ìṣeré. Ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni à ń pè é, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ẹni tí ó bá gba ọ̀nà oko jáde ní ìlú èyíkéyìí ní ilẹ̀ Yorùbá yóò pàdé àwọn tí ó gbé ọkọ́ lé èjìká. Koríko kò mọ ọjọ́ ìsinmi. Ǹjẹ́ àgbẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ni? Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́, ọjọ́ wo ni ó jẹ́ tirẹ̀?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn baba wa ṣe. Wọn kò ní kàlẹ́ńdà ìjọba, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọjọ́ ìsinmi. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá, òòṣà sì ni ó ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Jàkúta, tí í ṣe ọjọ́ Ṣàngó, oníṣàngó tí ó bọ̀wọ̀ fún òòṣà rẹ̀ kì í lọ sí oko. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọlọ́sìn Ọbàtálá ṣe ń pa ọjọ́ tiwọn mọ́.

Wọ́n ní ètò fún iṣẹ́ pẹ̀lú, nítorí pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Nínú àáró, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mélòó kan tí agbára wọn dọ́gba a parapọ̀. Wọn a ṣiṣẹ́ ní oko ẹnìkan lónìí, wọn a lọ sí oko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Gbèsè iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ni a sì fi ń san án. Ti ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Olóko ni ó ń pe èrò púpọ̀ jọ fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, dandan sì ni kí ó fi ilé pọntí, kí ó fi ọ̀nà rokà. Ẹni tí ó pe ọ̀wẹ̀ tí ó sì fi ebi lé àwọn ènìyàn padà, kí ó má retí wọn ní àmọ́dún.

Kí a má tan ara wa jẹ, ìyà wà láyé àtijọ́. Iṣẹ́ ìwọ̀fà ni èlé orí owó tí a yá. Bí ó ti wù kí ó ṣiṣẹ́ tó, owó náà kò dín. Síbẹ̀, bí ìwọ̀fà bá ti parí ìwọ̀n iṣẹ́ tí ó tọ́ sí olówó rẹ̀, àkókò tí ó kù di tirẹ̀, kí ó lè ro oko ara rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ní ìwọ̀n, àní fún ẹni tí ó jẹ gbèsè.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n iṣẹ́ yìí gan-an ni ó bí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún. Ní ọjọ́ náà ní ọdún 1886, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà da iṣẹ́ sílẹ̀ pé wákàtí mẹ́jọ tó fún ẹ̀dá láti ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Ní ìlú Chicago, ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà, ẹnìkan ju àdó olóró sí àárín ọlọ́pàá, ẹ̀mí sì ṣòfò. Wọ́n yẹgi fún àwọn mẹ́rin nínú àwọn aṣáájú ní ọdún 1887, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀rí pé ọwọ́ wọn ni àdó náà ti jáde. Ní ọdún 1889, ìpàdé àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ ní Paris ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa, orúkọ tí ó gba iwájú ni ti Michael Imoudu, ọmọ Ora, òṣìṣẹ́ rélùwéè. Nígbà ogun Hitler, ọjà gbówó lórí, owó oṣù sì dúró sójú kan. Imoudu kò dákẹ́. Ní ọdún 1943 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó, wọ́n sì há a mọ́ ìgbèríko. Nígbà tí ó padà dé ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, èrò rọ́ jáde pàdé rẹ̀ bí ẹni ń pàdé ọba. Kí oṣù náà tó parí, ìyanṣẹ́lódì ńlá ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gbà ju oṣù kan lọ. Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣòṣà, fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré tí ó pè ní Strike and Hunger. Ní ọdún 1980, ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò sọ ọjọ́ òṣìṣẹ́ di ọjọ́ ìsinmi; ní ọdún 1981, ó di ti gbogbo Nàìjíríà. Imoudu fi ojú ara rẹ̀ rí i, nítorí pé ọdún 2005 ni ó tó papò dà.

Wàyí o, kí ni ti àgbẹ̀? Bí òṣìṣẹ́ rélùwéè bá da iṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ kò ní rìn, ìjọba yóò sì mọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bí àgbẹ̀ bá da iṣẹ́ sílẹ̀, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni ebi yóò kọ́kọ́ pa. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè kọ̀ ni owó orí, òun náà ni ó sì kọ̀ ní ọdún 1968, nígbà tí Adéyinká Adébáyọ̀ jẹ́ gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, owó orí ń ga sí i, owó tí àgbẹ̀ ń gbà lórí kòkó kò sì tó nǹkan. Àwọn agbowó orí ń já wọ ilé lóru, wọ́n ń lé àgbààgbà bí ẹni lé adìyẹ. Àwọn àgbẹ̀ ní ọgbọ̀n ṣílè péré ni agbára àwọn ká. Òkẹ́ mẹ́fà ni wọ́n pè é, nítorí pé ṣílè márùn-ún ni òkẹ́ kan. Orúkọ tí wọ́n sọ ara wọn ni Àgbẹ́kọ̀yà, èyíinì ni pé àgbẹ̀ kọ ìyà.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ọ̀rọ̀ di ìjà ní Mápó ní Ìbàdàn, àwọn kan sì kú. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Ayọ̀ọlá dìde, ṣùgbọ́n iná kò kú. Ní ọdún 1969, àwọn àgbẹ̀ fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Níkẹyìn, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó ń ṣe kọmíṣánnà ètò ìnáwó fún ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, lọ bá olórí wọn, Tàfá Adéoyè, ní Àkànràn láti bá a sọ̀rọ̀. A dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì.

Àwọn kan yóò sọ pé ìjà tí ó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kò yẹ ní ìrántí. Òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀. Nínú rògbòdìyàn owó orí ní oṣù Keje ọdún 1969, wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Ọláyọ̀dé. Ọba tí a pa kì í ṣe ohun tí Yorùbá ń fi ọwọ́ gbá dànù, a kò sì gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ ní Chicago pẹ̀lú, àgbáyé sì ń rántí. Ìrántí kì í ṣe ìyìn lásán. Ìkìlọ̀ ni fún ẹni tí ó wà lórí oyè àti ẹni tí ó wà nísàlẹ̀.

Àwọn ará Gánà, aládùúgbò wa, ti rí ọgbọ́n dá sí i. Lẹ́yìn ọ̀dá àti iná oko ọdún 1983, àwọn àgbẹ̀ wọn ni ó gbé orílẹ̀-èdè náà dìde. Láti ọdún 1985 ni wọ́n ti ń ṣe Ọjọ́ Àgbẹ̀. Àdá méjì, bàtà òjò kan àti rédíò kan ni ẹ̀bùn àgbẹ̀ tí ó ta yọ ní ọdún àkọ́kọ́. Nígbà tí ó yá, ilé oníyàrá mẹ́ta ni wọ́n fi ń ta á lọ́rẹ. Bí ẹ̀bùn ti ń pọ̀ sí i ni ọlá àgbẹ̀ ń ga sí i.

A kò bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ ìsinmi mìíràn. Ohun tí a ń sọ ni pé kí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ má yan kọjá ní pápá láì dárúkọ àwọn àgbẹ̀ tí ó kú ní ọdún 1968 àti 1969. Owó kòkó ni a fi kọ́ ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ó wà ní Dùgbẹ̀. Owó kòkó wà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ó ń ṣe àjọyọ̀ lónìí, oko ni a ti gbé owó ìwé rẹ̀ wá.

Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí Mápó gbóná ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún báyìí, àwọn mìíràn sì ti lọ láì sọ tẹnu wọn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn ọmọ yín sí abúlé kí wọ́n lọ béèrè, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí yóò rọ́ ọ, kí ni ọmọ náà yóò bá?