Ṣé o mọ̀? Ọmọńlé kì í ṣẹ́jú

Ọmọńlé tó ń rìn lára ògiri yàrá rẹ kò ní ìpéǹpéjú tó lè pa dé. Ahọ́n ló fi ń nu ojú. Wò ó lálẹ́ nídìí gílóòbù: á yọ ahọ́n, á fi lá ẹyinjú bí ọmọdé tó ń lá oyin. Bó o bá gbá a mú nírù, ìrù náà á já, á máa jà pìtìpìtì nílẹ̀, ẹni tó ni ín á ti sá sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Òmíràn á hù, àmọ́ kì í rí bíi ti àkọ́kọ́. Wọ́n máa ń sọ fún wa ní kékeré pé olóró ni. Irọ́ ni o! Ìgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló lè kó kòkòrò àìsàn sínú oúnjẹ, nítorí náà, ṣáà dé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ. Ẹ̀fọn àti aáyán kéékèèké ló ń jẹ ní tiẹ̀.