Jẹ́bà, èbúté tí afárá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀

Ní ọjọ́ 7, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1857, ọkọ̀ òyìnbó kan forí sọ àpáta nínú Odò Ọya, lẹ́bàá Jẹ́bà. Dayspring lorúkọ ọkọ̀ náà, ọkọ̀ eléèéfín ni. Ó ti gun odò bọ̀ láti ẹnu òkun, ó kọjá ibi tí Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, ó kọjá Rábà, ìlú àwọn Tápà. Ibi tí àpáta ti fún omi lọ́rùn ni agbára omi ti gbá a mú, ó sì jù ú mọ́ òkúta. Ìdí ọkọ̀ lu. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kó ìwọ̀nba ẹrù tí ọwọ́ wọn tó, wọ́n bọ́ sí èbúté, wọ́n pàgọ́. Bí ọdún kan ni wọ́n lò níbẹ̀ kí ọkọ̀ mìíràn, Sunbeam, tó wá kó wọn.

Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà lára àwọn tó sùn nínú àgọ́ yẹn. Kò káwọ́ gbera. Ó ń lọ sí Rábà, ó ń bá àwọn àáfà ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń ṣa ọ̀rọ̀ Tápà jọ. Lọ́dún 1859 ó gba orí ilẹ̀ padà sílé, láti Rábà dé Ìlọrin, láti Ìlọrin dé Abẹ́òkúta. Ní 1864, ọdún tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ni ìwé rẹ̀ lórí gírámà èdè Tápà jáde.

Ẹnìkejì tó wà nínú àgọ́ náà ni John Glover, ọ̀gá kékeré kan nínú iṣẹ́ ológun ojú omi. Òun ló rin ìrìn láti àgọ́ dé Èkó lọ wá ohun tí àwọn tó kù yóò jẹ àti èyí tí wọn yóò lò. Àwọn Haúsá tó tẹ̀ lé e nínú ìrìnàjò wọ̀nyẹn di ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, láti ara wọn sì ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Haúsá ti Èkó ti ṣẹ̀ nígbà tó di aláṣẹ ibẹ̀. Ọba Gòlóbà tí àwọn ará Èkó ayé ijọ́un ń wí, òun náà ni.

Àpáta tó fọ́ Dayspring yẹn ni kí ẹ ṣì mú lọ́wọ́ ná, nítorí kò sí ohun ńlá kan tó ṣẹlẹ̀ sí Jẹ́bà tí àpáta kò lọ́wọ́ sí. Láyé ijọ́un, nísàlẹ̀ ìlú, odò fẹ̀, ọkọ̀ ń rìn fàlàlà nígbà tí omi bá kún. Lókè, òkúta ló kún inú rẹ̀ títí dé Búsà, níbi tí Mungo Park kú sí lọ́dún 1806. Ìdí tí ọkọ̀ ńlá fi ń gúnlẹ̀ sí Jẹ́bà kò ju pé ipá rẹ̀ kò ká ibi tó wà níwájú. Ibi tí ọkọ̀ bá ti pin, ẹrù á sọ̀ níbẹ̀, alágbàrù á dé, olóúnjẹ á tẹ̀ lé e.

Nínú àwọn òkúta náà, ọ̀kan ga ju gbogbo wọn lọ. Ó dá dúró sáàárín omi gàgàrà. Kétsà ni àwọn Tápà ń pè é. Òyìnbó sọ ọ́ ní Juju Rock. Nígbà tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lander ń bá odò náà bọ̀ wálẹ̀ lọ́dún 1830, àwọn ará ibẹ̀ sọ fún wọn pé àǹjọ̀nú rere kan ló fi orí òkúta náà ṣelé, pé ó máa ń bọ́ ẹni tí ebi ń pa, ó sì máa ń tu arìnrìnàjò nínú. Ó dà bí ẹni pé àǹjọ̀nú náà kò sí nílé lọ́jọ́ tí Dayspring kọjá.

Àsìkò iyì Jẹ́bà gẹ́gẹ́ bí èbúté kò gùn. Lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ Royal Niger ti ṣẹ́gun Bídà àti Ìlọrin lọ́dún 1897, àwọn sójà òyìnbó wá fi Jẹ́bà ṣe ibùdó. Lugard gba àkóso Àríwá ní Lọ́kọ́ja ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900, kò sì pẹ́ tó fi kó oríkò ìjọba rẹ̀ wá sí Jẹ́bà. Kí 1902 tó parí, ó ti kó o lọ sí Zungeru. Bẹ́ẹ̀ ni Jẹ́bà ṣe jẹ olú-ìlú, tí àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá lónìí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ohun tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èbúté ń bọ̀ láti Èkó. Lọ́dún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irin rélùwéè. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Jẹ́bà ní 1909. Odò dá a dúró. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń kó wágọ̀nù sí kó lè dé òdìkejì. Ẹ wò ó: ọdún 1914 ni Lugard so Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá, síbẹ̀ ọkọ̀ ojú irin tó so méjèèjì pọ̀ ṣì ń gun ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi kọjá ní Jẹ́bà. Ọdún 1916 ni afárá tó parí. Erékùṣù àárín omi ni wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn: afárá kan láti gúúsù wọ erékùṣù, òmíràn láti erékùṣù bọ́ sí àríwá.

Èbúté Bárò ló jẹ ìyà afárá yìí jù. Níbẹ̀, nísàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún, ni Girouard, gómìnà Àríwá, ti bẹ̀rẹ̀ irin tirẹ̀ tó dé Kánò ní 1911, kí ẹ̀pà àti òwú lè máa bá odò lọ sí òkun. Irin méjèèjì pàdé ní Mínnà. Ta ni yóò tún máa dúró de ìgbà tí odò yóò kún, nígbà tí rélùwéè ń lọ sí Èkó tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò? Bárò dákẹ́. Jẹ́bà rí iṣẹ́ mìíràn ṣe: ó di ibi tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá. Ibi ìkọjá yàtọ̀ sí èbúté. Ẹni tó ń kọjá kì í pẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó fà mí mọ́ ìlú yìí jù ti wà ṣáájú òyìnbó. Lórí erékùṣù Jẹ́bà ni wọ́n ti rí ère idẹ, ọ̀kan jẹ́ tafàtafà tòun ti apó ọfà rẹ̀. Ní Tada, abúlé kan létí odò kan náà, wọ́n tún rí òmíràn. Àwọn Tápà ní Tsoede, baba ńlá wọn, ló kó gbogbo wọn wá nínú ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tó sá kúrò ní Ìdá. Nínú àwọn ti Tada, ọkùnrin kan wà tó jókòó. Kò ga ju bí ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lábùlà ni wọ́n fi rọ ọ́. Ó ká ẹsẹ̀ kan sábẹ́, ó gbé orúnkún kejì sókè, ó sán aṣọ oníṣẹ́-ọnà mọ́dìí. Apá rẹ̀ ti kán. Ara rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, nítorí nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, lọ́jọ́ Jímọ̀ ni àwọn ará Tada máa ń gbé e lọ sódò, tí wọn á fi iyanrìn fọ̀ ọ́, kí ìyàwó wọn lè bímọ, kí ẹja sì lè pọ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ Ifẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti rí ère Ifẹ̀ rí kò ní bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn onímọ̀ fi í sí nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá sí ìkẹrìnlá, Tsoede sì rèé, ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún ni wọ́n sábà máa ń fi í sí. Bó bá jẹ́ òun ló gbé e wá lóòótọ́, ohun tó ti dàgbà jù ú lọ ló gbé. Tèmi ni pé ọkùnrin náà lè ti mọ odò yẹn ṣáájú Tsoede. Ifẹ̀ kò ní bàbà nílẹ̀; láti ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá, Ọya sì wà lójú ọ̀nà.

Lónìí, Ìpínlẹ̀ Kwara ló ni etí omi ti gúúsù, Niger ló ni ti àríwá. Yorùbá, Tápà àti Haúsá ni ẹ ó gbọ́ lọ́jà. Òpó òkúta tí wọ́n fi ṣèrántí Mungo Park àti Richard Lander ṣì nàró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èyí tó kú sí Jẹ́bà nínú àwọn méjèèjì. Iléeṣẹ́ bébà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1969 kò mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ìdídò tó ń fún wa ní iná mànàmáná láti 1985 ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ sí Mọ́kwà, tí tírélà bá dí yín lọ́nà nítòsí afárá, ẹ má jókòó sínú ọkọ̀ máa ṣépè. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, kí ẹ bèèrè Kétsà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ọlọ́pọ́n. Ẹ ná owó ọkọ̀ tán kí ẹ tó wọ inú rẹ̀. Ní ti ọkùnrin Tada, ẹ má wá a lọ sí Tada mọ́: ó ti wà ní Èkó, lábẹ́ ìtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀.