FÁÌLÌ TÓ DÀ BÍ BẸ́Ẹ̀LÌ: Ẹ TÚ U KÍ Ẹ TÓ LÒ Ó

Àwọn kan nínú wa ti ń béèrè ìdí tí prógíráàmù tí a fẹ́ máa fi ṣírò owó àjọ kò fi tètè wọ inú kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́. Ọmọkùnrin tí a pè pé kó wá bá wa wò ó ní fáìlì náà ti bàjẹ́, kí a mú N10,000 wá kí òun bá wa wá òmíràn. Fáìlì náà kò bàjẹ́ rárá. Wọ́n dì í ni, kò sì sí ẹni tó tú u. Owó gbogbo wa ni N10,000 yẹn ìbá jẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a là á yé ara wa.

Ẹ̀yin tó ń ta òkìrìkà ló máa kọ́kọ́ yé. Bẹ́ẹ̀lì tó ti òkè òkun dé, ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó dè é. Tí ẹ bá gé okùn rẹ̀, aṣọ á wú, á kún ṣọ́ọ̀bù. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí .zip, bẹ́ẹ̀lì ni. Wọ́n lè kó ọgọ́rùn-ún fáìlì sínú rẹ̀ kó lè di ẹrù kan ṣoṣo, kó sì fúyẹ́ láti gbé.

Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń tẹ nǹkan tí kì í ṣe aṣọ? Ibí yìí ló dùn mọ́ wa jù. Ẹ wo ìwé gbèsè yín. Tí ẹ bá kọ "ìrẹsì àpò kan" sí ìlà àkọ́kọ́, tí ìlà kejì náà sì jẹ́ ìrẹsì àpò kan, ṣé ẹ máa tún un kọ ni? Àmì dítò lẹ máa fi síbẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ìwé náà á mọ̀ pé kí òun wo òkè. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nìyẹn gan-an. Ọ̀mọ̀wé méjì ní Ísírẹ́lì, Abraham Lempel àti Jacob Ziv, ló gbé ọgbọ́n náà jáde ní 1977. Ibi tí ọ̀rọ̀ kan bá ti tún padà wá, kọ̀ǹpútà á kàn kọ ọ́ pé: padà sẹ́yìn lẹ́tà 200, kó lẹ́tà 14 níbẹ̀. Ní 1989 ni Phil Katz, ará Amẹ́ríkà, gbé irú fáìlì tí à ń pè ní ZIP jáde. Tí a bá tú u, gbogbo dítò á padà di ọ̀rọ̀ gidi, lẹ́tà kan kò ní dín.

Nítorí náà, ìwé àkọsílẹ̀ máa ń súnkì gan-an, ọ̀rọ̀ kan náà ló kún inú rẹ̀. Fọ́tò inú fóònù kì í fẹ́ẹ̀ dín, torí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Èlùbọ́ tó ti gbẹ, tí wọ́n sì ti lọ̀, ta ló tún ń sá a sóòrùn?

Láyé dísíkẹ́ẹ̀tì, kò sí bí wọn ò ṣe ní tẹ nǹkan. Èyí tó wọ́pọ̀ jù kò gbà ju megabáìtì 1.44 lọ. Lónìí tí fláàṣì kékeré ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀, wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́, torí dátà tí a fi ń gbà á wálé, owó ni.

Ó wá ku setup. Setup ni alábàárù tó máa gbé ẹrù kọ̀ọ̀kan lọ sí àyè rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì wà nínú bẹ́ẹ̀lì, Windows lè fa òun nìkan jáde, kí ẹrù tó fẹ́ gbé ṣì wà ní dídì. Alábàárù á na ọwọ́, kò ní bá nǹkan kan. Ló bá pariwo pé òun kò rí fáìlì báyìí báyìí. Ariwo yẹn ni ọmọkùnrin yẹn pè ní ìbàjẹ́.

Ẹ gbé ọfà sórí fáìlì náà, ẹ tẹ apá ọ̀tún mọ́ọ̀sì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Extract All sí, ẹ tẹ̀ ẹ́. Fóldà tuntun á yọ. Inú fóldà tuntun yẹn ni kí ẹ ti tẹ setup o, ẹ má padà sínú ti àkọ́kọ́. Láti ìgbà Windows XP ní 2001 ni èyí ti wà nínú kọ̀ǹpútà, a kì í san kọ́bọ̀ lé e. Èyí tó bá parí sí .rar tàbí .7z, 7-Zip máa ń tú u, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ọ̀pọ̀ èyí tó bá dá wá bí .exe máa ń tú ara rẹ̀. APK orí fóònù náà, bẹ́ẹ̀lì ZIP ni, fóònù ló ń bá wa tọ́jú rẹ̀.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ dáadáa: bẹ́ẹ̀lì gba àyè, ohun tí ẹ tú gba àyè, prógíráàmù fúnra rẹ̀ tún gba tirẹ̀. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ pa fóldà tí ẹ tú rẹ́, kí ẹ tọ́jú bẹ́ẹ̀lì sórí fláàṣì.

Bẹ́ẹ̀lì mìíràn máa ń bàjẹ́ lóòótọ́. Ìparí fáìlì ZIP ni ìwé ẹrù rẹ̀ máa ń wà. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já kó tó wọlé tán, ìwé ẹrù kò dé nìyẹn, kọ̀ǹpútà ò sì ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ gbà á lẹ́ẹ̀kan sí i níbi tí ẹ ti gbà á.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù ni bẹ́ẹ̀lì tí a kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n á fi ránṣẹ́ pé ìwé owó ọjà ni. Ẹ tú u, ẹ rí fáìlì tó parí sí.exe. Ìwé owó kì í parí báyẹn. Bí wọ́n bá tún fi kọ́kọ́rọ́ tì í, tí wọ́n wá kọ kọ́kọ́rọ́ náà sínú lẹ́tà kan náà, ẹ ṣọ́ra gidi: ohun tó ń wá fáírọ́ọ̀sì nínú kọ̀ǹpútà kò lè wo inú èyí tí wọ́n tì. Ẹ kọ́kọ́ pe oníbàárà yín lórí fóònù. Bó bá ní òun kọ́ lòun fi ránṣẹ́, ẹ pa á rẹ́ láìtú u.