Ta Ló Sọ Tutù Di Búlúù: Ayàwòrán ni àbí Oòrùn?

Àwòrán obìnrin kan wà ní pálọ̀ Màmá àgbà wa ní Òkèsà, Adó-Èkìtì. Gèlè, ọrùn gígùn, ojú tó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó parí. Gbogbo rẹ̀ ló sì rí búlúù. Nígbà tí a fẹ́ kun ilé lódún tó kọjá, àbúrò mi ní ká gbé e jù nù: “Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, ara rẹ̀ tún búlúù. Èmi náà lè ya èyí!”

Ẹ gbọ́ ná. Tutù lorúkọ àwòrán yẹn. Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha, ló yà á nígbà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ó rí Adétutù Adémilúyì, ọmọ-ọmọ Ọọ̀ni, ó sì tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ kó tó yà á. Ó ya ti àkọ́kọ́ ní 1973. Èyí tó yà ní 1974 fara hàn nínú ilé kan ní London, Bonhams sì tà á ní gbàǹjo ní oṣù Kejì 2018 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù £1.2. Ti Màmá kì í ṣe èyí o! Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ni, irú èyí tó kún pálọ̀ káàkiri Nàìjíríà.

Búlúù yẹn ńkọ́?

Mo tú férémù rẹ̀. Etí ìwé tí igi férémù bò mọ́lẹ̀ ṣì ní pupa díẹ̀ nínú! Àárín nìkan ló di búlúù.

Ìtẹ̀wé aláwọ̀ sábà máa ń lo íǹkì mẹ́rin: búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú. Ìtànṣán ultraviolet tó wà nínú oòrùn, tí ojú wa kì í rí, ló ń já mólékù íǹkì sí wẹ́wẹ́. Pupa àti yẹ́lò ló máa ń tètè ṣá. Búlúù lágídí; dúdú sì sábà jẹ́ ẹ̀dú lásán, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ìdí nìyẹn tí orí àwọn ọkùnrin inú pósítà ẹnu ọ̀nà bábà fi ń di búlúù.

Ṣùgbọ́n ayàwòrán náà lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é

Ní 1905, Henri Matisse, ará Faransé, ya ìyàwó rẹ̀, ó sì fa ilà àwọ̀ ewé láti iwájú orí wá sí imú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan yẹ́lò, èkejì pupa rẹ́súrẹ́sú. Ilà yẹn wà níbi tí apá ìmọ́lẹ̀ ti pàdé apá òjìji. Ìyàtọ̀ rèé: oòrùn kò mọ imú yàtọ̀ sí ògiri, gbogbo rẹ̀ ló ń bò bákan náà. Àwọ̀ tí ayàwòrán fi ń sọ̀rọ̀ máa ń ní ibi tó dúró sí, àti ìdí.

Kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ní Ìkẹ́rẹ́, nítòsí wa níbí, Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó kan fún ààfin Ògògà láàárín 1910 sí 1914. Ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ fíìfíì. Ṣé Olówè kò mọ ìwọ̀n ni? Ó mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀n ló fi sọ̀rọ̀.

Ní ti Enwonwu, ohun tó yọ kúrò ló fi sọ̀rọ̀: kò sí ilé, kò sí àga, kò sí igi. Ibi kékeré ní àárín ojú wa nìkan ló ń ríran kedere, nítorí náà ojú máa ń fò kiri. Ẹ ya fọ́tò ọ̀rẹ́ yín níwájú Ọjà Ọba, kí ẹ tún yà á níwájú ògiri lásán, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ. Lọ́dọ̀ Tutù, ojú kò ní ibòmíràn tó fẹ́ sá sí.

A kun ilé tán. Màmá gbà kí Tutù kúrò lọ́kàn-ánkán fèrèsé, ó ti wà lára ògiri tí oòrùn kì í dé báyìí. Àbúrò mi ló kan ìṣó rẹ̀.