Mma: Kí ni ère amọ̀ tí àwọn Anyi fi ń ṣe ìrántí àwọn ọba wọn ní Côte d'Ivoire?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Abidjan máa ń kọjá ní Aboisso bí wọ́n bá ń gba ọ̀nà Ghana bọ̀ wálé. Nítòsí ibẹ̀ ni Krinjabo wà, olú-ìlú àwọn Anyi Sanwi, níbi tí wọ́n ti fi Michael Jackson jẹ oyè ọmọ ọba lọ́dún 1992. Ìlú yìí kan náà ni ilé mma, ère amọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí ọba àti ìjòyè tó ti wàjà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dá olóògbé mọ̀?

Àwọn obìnrin amọ̀kòkò ló ń mọ mma. Wọn kì í wá àfijọ ojú nìkan. Irun dídì, ilà ojú àti irùngbọ̀n ló ń sọ ìran àti ipò ẹni tó kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń fín àmì ìdílé wọn sára ibojì òkúta nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú, wọ́n máa ń gbẹ́ àkó ní àwòrán olóògbé, wọn a sì wọ̀ ọ́ láṣọ.

Níbo ni wọ́n ń gbé e sí?

Mmaso ni orúkọ ibẹ̀, igbó ọ̀wọ̀ tó yàtọ̀ sí itẹ́ òkú. Wọn a to ère àwọn ẹmẹ̀wà yí ti ọba ká, wọn a sì máa gbé oúnjẹ àti ohun mímu lọ síbẹ̀.

Kí ló dé tí àṣà náà fi parẹ́?

Lọ́dún 1913 sí 1914, wòlíì William Wadé Harris wàásù ní etíkun Côte d'Ivoire pé kí àwọn ènìyàn dáná sun ère wọn. Bí ẹ̀sìn Kristi ṣe ń gbilẹ̀ ni mímọ mma ń dín kù. Wọ́n hú púpọ̀ nínú èyí tó kù, wọ́n sì tà á sí òkè òkun.

Ní oṣù Keje ọdún 2025, ilé aṣòfin Faransé fọwọ́ sí i kí wọ́n dá Djidji Ayôkwé padà, ìlù àwọn Ebrié ìlú Abidjan tí ìjọba amúnisìn gbà lọ́dún 1916. Ìlù náà ní orúkọ, àwọn tó ni ín sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n orí amọ̀ tí wọ́n bá ti yọ kúrò láàárín àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ kò ní ẹni tí yóò sọ orúkọ ọba tó dúró fún mọ́.