Oúnjẹ Tí Kò Kan Iná, àti Ìṣọ́ra Tí Ó Yẹ Ẹ́



Ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ dáhùn pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin kan kọ̀wé láti ìlú Ọ̀yọ́ pé gáàsì ti wọ́n, epo kẹrosíìnì náà kò sì dínwó. Ó fẹ́ mọ oúnjẹ tí òun lè gbé ka iwájú àwọn ọmọ ní ọ̀sán láìdáná, tí yóò sì ṣe ara wọn lóore. Ìbéèrè kejì wá láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní gàrí ni òun ń mu lójoojúmọ́, àwọn ọ̀rẹ́ òun sì ń dẹ́rù ba òun pé ojú òun yóò fọ́. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni.

Ọ̀nà kan náà ni ìbéèrè méjèèjì gbà. Oúnjẹ tí a kò gbé ka iná lè dára púpọ̀ fún ara, ó sì ń dín ìnáwó kù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí pé kì í ṣe kí oúnjẹ lè rọ̀ nìkan ni a ṣe ń se é. Iná ni ó ń pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru, àrùn onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Bí a bá yọ iná kúrò, ohun mìíràn gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Àwọn ohun náà ni omi mímọ́, ọwọ́ mímọ́, ọ̀bẹ mímọ́ àti ìdérí.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ní ọdún 2021, àwọn tí a kà mọ́ àwọn tí onígbáméjì kọlù ní Nàìjíríà lé ní 100,000, àwọn tí ó sì kú lé ní 3,000. Inú omi àti oúnjẹ ẹlẹ́gbin ni àrùn náà ti ń wọlé sí ènìyàn lára. Nítorí náà, omi ni kí á kọ́kọ́ bójútó.

OMI

Omi kànga lè mọ́ gaara lójú kí kòkòrò sì kún inú rẹ̀, pàápàá níbi tí ṣáláńgá bá sún mọ́ ọn. Bí o bá ń dáná alẹ́, gbé omi ọ̀la kaná lẹ́yìn ọbẹ̀. Jẹ́ kí ó hó yaya fún ìṣẹ́jú 1, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ó tutù bẹ́ẹ̀. Omi yìí ni gbogbo ilé yóò mu, tí ẹ ó sì fi rẹ gàrí ní ọjọ́ kejì.

Bí kò bá sí iná rárá, oòrùn lè ṣe iṣẹ́ náà. Fọ ìgò oníke tí a lè rí inú rẹ̀ kedere, tí kò gbà ju lítà 2 lọ. Rọ omi tí kò rú sínú rẹ̀, dé e pinpin, kí o sì fi í lélẹ̀ gbalaja lórí páànù nínú oòrùn fún wákàtí 6. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, fi í síbẹ̀ fún ọjọ́ 2. Bí omi bá rú, sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ funfun mímọ́ ná, nítorí ìtànṣán oòrùn kì í wọ inú omi tó rú.

Má ṣe ti ọwọ́ bọ inú korobá láti bu omi. Fi ife tí ó ní ọwọ́ bù ú, kí o sì gbé ife náà kọ́.

GÀRÍ MÍMU

Nísinsìnyí, mo dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sọ, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ tán. Májèlé kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, sáyánáìdì ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́, tí a fi sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan, tí a fún omi rẹ̀ jáde, tí a sì yan án nínú agbada, ọ̀pọ̀ májèlé náà yóò ti lọ. Ẹni tí ó bá kánjú, tí ó rin ẹ̀gẹ́ lónìí tí ó sì yan án lọ́la, ń ta májèlé púpọ̀ sí i fún wa.

Ní nǹkan bí 1960 sí 1969, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Oṣuntókun, oníṣègùn iṣan ara ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ṣe ìwádìí lórí àwọn ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú àti etí àwọn mìíràn nínú wọn sì ti ń ṣe bàìbàì. Ó rí i pé oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ lójoojúmọ́, àti pé ẹran, ẹja àti ẹ̀wà kò tó nínú oúnjẹ wọn. Ara ènìyàn ní ọ̀nà tí ó ń gbà sọ májèlé yìí di aláìlágbára, ṣùgbọ́n irú oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà bẹ́ẹ̀ ni ó fi ń ṣe é. Gàrí tí a ṣe dáadáa tí a sì fi ẹ̀pà tàbí ẹja tì lẹ́yìn kò ní fọ́ ọ lójú. Gàrí ṣákálá, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, láti oṣù dé oṣù, ni kí o bẹ̀rù.

Bí ó ṣe yẹ kí o mu ún nìyí. Bu gàrí agolo mílíìkì 1. Da omi mímọ́ sí i, ru ú, kí o sì da omi náà nù pẹ̀lú ìdọ̀tí tí ó léfòó. Da omi mìíràn sí i. Fi ẹ̀pà yíyan ẹ̀kúnwọ́ 2 sí i, tàbí kí o jẹ ẹ́ pẹ̀lú kúlíkúlí, tàbí ẹja tí a ti yan jinná. Ṣúgà onígun 1 tàbí 2 ti tó. Ẹni tí ó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà, kí ó dín gàrí náà kù sí ìdajì agolo, kí ó pọ̀ ní ẹ̀pà, kí ó má sì fi ṣúgà sí i rárá.

Ẹ̀PÀ ÀTI EKU

Nǹkan méjì ni ó lè ba oúnjẹ yìí jẹ́. Èkínní ni ẹ̀pà tí ó bu. Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà bíbu ṣe. Ibẹ̀ ni a ti mọ májèlé tí a ń pè ní aflatoxin, èyí tí ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Yíyan kì í mú un kúrò tán. Ṣa ẹ̀pà rẹ kí o tó jẹ ẹ́. Èyí tí ó bá hunjọ, tí ó dúdú, tí ó hu ewú tàbí tí ó korò, kó o dànù. Má ṣe fún adìẹ pẹ̀lú.

Èkejì ni eku. Lassa ni orúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Borno, ibẹ̀ sì ni a ti kọ́kọ́ mọ ibà Lassa ní ọdún 1969. Inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan tí ń gbé inú ilé àti oko ni kòkòrò rẹ̀ ti ń wá. Gàrí tí a fi omi tútù rẹ kò tún rí iná mọ́ lẹ́yìn tí eku ti tọ̀ sí i. Nítorí náà, má ṣe fi gàrí sínú àpò lásán ní abẹ́ ibùsùn. Fi í sínú ike tàbí agolo tí ó ní ìdérí líle. Bí o bá rí ìgbẹ́ eku nínú rẹ̀, má ṣe yọ ọ́ kí o sì máa mu ìyókù. Da gbogbo rẹ̀ nù. Bí o bá dé Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ tàbí Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó bo ọjà rẹ̀ ni kí o ti ra gàrí.

OÚNJẸ MẸ́TA MÌÍRÀN FÚN ÀWỌN ỌMỌ

Ìyá wa ní Ọ̀yọ́, àwọn wọ̀nyí ni mo yàn fún ọ.

Èkínní, ẹ̀kọ tútù. Ra ẹ̀kọ 2 fún ọmọ kan lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ tí ewé rẹ̀ mọ́. Tú u, fi síbí pò ó nínú omi mímọ́ títí yóò fi dà bí ògì tí kò ki, kí o sì po mílíìkì oníyẹ̀fun síbí 2 mọ́ ọn. Bí owó mílíìkì kò bá sí, ẹ̀pà yíyan tí a gún kúnná yóò ṣe é. Ẹ̀kọ nìkan kò tó ọmọ í dàgbà.

Èkejì, búrẹ́dì àti píà. Fọ píà tí ó rọ̀, là á sí méjì, fi síbí ha inú rẹ̀ sínú àwo, kí o sì fi ṣíbí náà tẹ̀ ẹ́ wómúwómú. Rẹ́ àlùbọ́sà àti tòmátì wẹ́wẹ́ sí i, fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí o sì fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e kí ó má baà dúdú. Fi í sínú búrẹ́dì. Bí o bá ní ẹja inú agolo, ìdajì agolo kan yóò to ọmọ méjì.

Ẹ̀kẹta, èso àdàpọ̀. Ní àkókò máńgòrò, Ògbómọ̀ṣọ́ kò mọ ibi tí yóò kó o sí. Gé máńgòrò, ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pọ̀, kí o sì fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ohun pupa inú máńgòrò àti ìbẹ́pẹ ń ṣe ojú ọmọ lóore. Gbogbo èso ni kí o fọ̀ kí o tó fi ọ̀bẹ kàn án, àní èyí tí a kò ní jẹ èèpo rẹ̀, nítorí ọ̀bẹ ń gbé ìdọ̀tí èèpo wọ inú. Àjọ NAFDAC sì ti kìlọ̀ fún wa nípa èso tí a fi kábáìdì mú pọ́n. Bí èèpo rẹ̀ bá pọ́n yòò tí inú rẹ̀ le, tí kò sì dùn, ẹ fura.

Ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré yàtọ̀. Ọmú ìyá nìkan tó ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6. Ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò pé ọdún 1 ní oyin. Ẹ má sì fún ọmọ tí kò tó ọdún 5 ní ẹ̀pà odidi, kí ó má baà há a lọ́fun. Gígún ni kí ẹ gún un.

WÀRÀ ÀTI NỌ́NỌ̀

Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń rù kiri ìlú wa jẹ́ oúnjẹ gidi. Wọ́n ń gbé mílíìkì màlúù kaná, wọ́n sì ń fi omi ewé bọmubọmu mú un dì. Iná ti kàn án lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ púpọ̀ ti bọ inú igbá rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ra á ní òwúrọ̀, jẹ ẹ́ ní ọjọ́ náà, kí o sì da omi híhó lé e kí ó tó dé ẹnu ọmọ. Nọ́nọ̀ tí a fi mílíìkì tútù ṣe yàtọ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè ti ara màlúù tí ń ṣàìsàn bọ́ sínú rẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á bóyá ó se mílíìkì náà kí ó tó kan. Bí kò bá sè é, má ṣe rà á.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ILÉ ÌDÁNÁ

Ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ ọwọ́, kì í ṣe omi lásán, ní ìgbà tí ẹ bá ti ilé ìgbẹ́ dé àti kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹ ní ọ̀bẹ àti pákó kan fún ẹran tútù, kí ẹ sì ní òmíràn fún èso àti àlùbọ́sà. Omi oníyọ̀ tí ọ̀pọ̀ ń rẹ ewébẹ̀ sí kì í pa gbogbo kòkòrò. Omi mímọ́ tí a fi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ni ó ń ṣiṣẹ́ jù. Èso tí a ti gé kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju wákàtí 2 lọ nínú ooru.

Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ amóhuntutù, ìkòkò méjì tó yín. Ní ọdún 1995, Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ó fi yanrìn tútù sí àárín wọn, ó sì fi aṣọ tútù bò ó. Bí omi ti ń gbẹ lára ìkòkò ńlá ni ó ń fa ooru jáde. Ìgbá tí ń bàjẹ́ ní ọjọ́ 3 lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000. Àwọn amọ̀kòkò ṣì wà ní Dàda ní Ìlọrin, tí kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìkòkò náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìgbà ọyẹ́ ju ìgbà òjò lọ. Ẹ wọ́n omi sí yanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́.

BÍ INÚ BÁ DÀRÚ

Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí ya ìgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ ni ó ń lọ, òun ni ó sì ń pa ọmọ. Fi àpò ORS tí a ń tà ní ilé oògùn po omi fún un. Bí kò bá sí nítòsí, wá lítà omi mímọ́ 1, èyí ni omi inú ọ̀rá 2 tí ó jẹ́ 50 sẹ̀ǹtílítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Fi ṣúgà síbí ìmutíì 6 tí kò ga lórí sí i, àti iyọ̀ ìdajì síbí náà. Má ṣe jẹ́ kí iyọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, má sì gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá jìn, bí kò bá tọ̀, bí ìgbẹ́ bá dà bí omi ìrẹsì tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́. Ní Ọ̀yọ́, ilé ìwòsàn ìjọba wà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn tí àwọn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1907 wà níbẹ̀ títí di òní, Yunifásítì Bowen ni ó ń lò ó báyìí.

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹ̀kọ, gàrí, píà àti máńgòrò lè lé ebi lọ láìsí gáàsì. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín mọ́, kí omi yín mọ́, kí ẹ sì dé ohun tí ó yẹ ní dídé. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Àlàáfíà fún gbogbo ilé.