Hóró Músítádì: Bí A Ṣe Ń Wọn Ohun Tí Ó Ń Ta Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin ará mọ́sáláṣí, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka Súrà Al-Anbiyā' àti Súrà Luqmān yóò ti pàdé hóró kékeré kan tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní khardal. Òun náà ni músítádì. Bí ó ti kéré tó ni a fi ṣe àpèjúwe pé kò sí iṣẹ́ tí ó kéré jù fún òṣùwọ̀n Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n kí ni ó wà nínú hóró náà? Báwo sì ni àwọn onímọ̀ ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Ohun méjì nínú hóró kan

Bí o bá ju hóró músítádì gbígbẹ sẹ́nu láì fi eyín rún un, kò ní ta ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá rún un tí itọ́ kàn án, kò ní pẹ́ tí yóò fi ta dé imú. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní yàrá tirẹ̀. Èkínní ni glucosinolate, tí ṣúgà, imí-ọjọ́ àti náítírójìn wà lára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń ta. Èkejì ni ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ́ myrosinase. Nígbà tí hóró bá fọ́ tí omi sì kàn án, àwọn méjèèjì á pàdé, ẹ́ńsáìmù á gé glucosinolate, ohun tí ó ń ta á sì jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Májèlé inú ẹ̀gẹ́ àti ẹ́ńsáìmù rẹ̀ kì í gbé yàrá kan náà. Nígbà tí àwọn ìyá wa bá rin ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì dì í sápò, àwọn méjèèjì á pàdé, májèlé á sì bá omi àti afẹ́fẹ́ lọ.

Kábéèjì, ràdíìṣì àti rapeseed, tí wọ́n ń fún òróró rẹ̀, jẹ́ ìbátan músítádì. Hóró ìbẹ́pẹ tiwa náà ní glucosinolate nínú; ìdí nìyí tí ó fi ń ta bí a bá rún un.

Kí ni ìdí tí a fi ń wọ̀n ọ́n?

Lẹ́yìn tí a bá fún òróró rapeseed tán, ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ń fi ìyókù rẹ̀ bọ́. Nínú rẹ̀ ni progoitrin wà, irú glucosinolate kan tí ó lè fa gẹ̀gẹ̀ sí ẹran lọ́rùn, tí kò sì ní jẹ́ kí ó dàgbà dáadáa. Ní ọdún 1974, Baldur Stefansson ti Yunifásítì Manitoba ní Kánádà gbé irúgbìn tuntun tí ń jẹ́ Tower jáde, tí glucosinolate inú rẹ̀ kéré. Èyí wà lára ohun tí a mọ̀ sí canola lónìí. Nínú gíráàmù kan ìyókù tí kò ní òróró, ti canola kò gbọdọ̀ tó 30 micromole, bẹ́ẹ̀ ti àtijọ́ máa ń ju 100 lọ. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Òṣùwọ̀n nìkan ni ó lè sọ ọ́.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Bí a bá lọ hóró náà, tí a sì da omi tútù sí i, ohun tí a fẹ́ wọ̀n yóò run kí a tó wọ̀n ọ́n, èsì rẹ̀ yóò sì jẹ́ irọ́. Nítorí náà:

1. A ó kọ́kọ́ gbé ìyẹ̀fun hóró náà sínú ooru ìwọ̀n 75 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a ó sì da methanol tí ń hó lé e, kí ẹ́ńsáìmù lè kú kíákíá.

2. A ó fi ìwọ̀n sinigrin tí a mọ̀ sí i, kí ó ṣe ẹlẹ́rìí. Bí èyí tí a rí níkẹyìn bá dín sí èyí tí a fi sí i, a ó mọ iye tí ó sọnù lọ́nà. Ṣùgbọ́n músítádì dúdú ní sinigrin tirẹ̀. Nítorí náà glucotropaeolin, irú èyí tí ó wà nínú hóró ìbẹ́pẹ, ni a ó fi ṣe ẹlẹ́rìí fún un.

3. A ó sẹ́ omi rẹ̀ gba inú ọ̀pá tín-ínrín kan tí ó máa ń di glucosinolate mú. Ẹ́ńsáìmù mìíràn yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́jú láti tú u sílẹ̀.

4. Ẹ̀rọ HPLC yóò ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, yóò sì fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà yìí ni àjọ ISO gbé jáde ní ọdún 1992. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ú lọ ni kí a jẹ́ kí ẹ́ńsáìmù ṣiṣẹ́, kí a sì wọn ṣúgà tí ó jáde, nítorí ẹyọ glucosinolate kan, ẹyọ ṣúgà kan ni. Àpapọ̀ nìkan ni èyí ń sọ. Kì í sọ irú èyí tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má tìtorí èyí sá fún kábéèjì. Bí a bá sè é, ẹ́ńsáìmù rẹ̀ á kú. Ẹni tí ó bá sì ń lo iyọ̀ tí ó ní áyódíìnì, tí ó ń jẹ ẹ́ níwọ̀n, kò ní ìdí láti bẹ̀rù.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ mú hóró ìbẹ́pẹ méjì, ẹ rún ọ̀kan ní tútù, kí ẹ sì se èkejì kí ó hó dáadáa kí ẹ tó rún un. Èyí tí kò bá ta tó èkejì ni yóò jẹ́rìí fún yín pé ooru ti pa ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀.